Ẹ Má Ṣe Ti Ìlẹ̀kùn Mọ́ Ẹni Tí Ó Ń Padà Wá

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé àti ọlọ́rọ̀ láàárín wa, tí kò tọ́ kí a dákẹ́ sí. Wọ́n ní àwọn aláìsàn kan ti sọ ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì di ojúde baba wọn: bí wọ́n ti jáde lónìí, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò tún padà lọ́la. Wọ́n ní kí a lé wọn, tàbí kí a fi owó gọbọi dí ọ̀nà mọ́ wọn. Àwa kọ ọ̀rọ̀ yìí pátápátá. Ẹni tí ọ̀ràn kàn ni ó mọ̀ ọ́n.

Ta ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí? Ní ọdún 2010, olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, LaCalle àti Rabin, ṣe àkójọ ìwádìí lórí irú wọn. Nínú 100 aláìsàn tí ó wá sí pàjáwìrì, wọn kò pé 10. Ṣùgbọ́n nínú 100 ìgbà tí a wá síbẹ̀, tiwọn ju 20 lọ. Ǹjẹ́ ọ̀lẹ ni wọ́n bá? Rárá o. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ní adójútòfò ìlera, wọ́n sì ń lọ sọ́dọ̀ dókítà níbòmíràn pẹ̀lú. Àìsàn tiwọn ni ó wúwo ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé. Nàìjíríà ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti pọ̀ jùlọ ní gbogbo àgbáyé. Nínú ènìyàn mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan ni ó gbé irúgbìn rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dí iṣan ọmọ tí àrùn náà ń bá jà, ìrora egungun a dé lóru láìsọ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá dé ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kẹta nínú oṣù kan, àwọn kan a ní oògùn ìrora ni ó ti di bárakú fún un. Ìwà ìkà ni èyí. Bákan náà ni ìyá ọlọ́jà tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru: owó kò sí ní oṣù yìí, ó dá oògùn dúró, ní oṣù kejì wọ́n gbé e wọlé, ẹnu rẹ̀ ti wọ́. Kì í ṣe àìgbọ́n ni ó mú un padà wá bí kò ṣe àpò òfìfo. Èyí tí ó ju ìdajì lọ nínú owó tí a ń ná sí ìlera ní Nàìjíríà, láti inú àpò aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ó ti ń jáde.

Kí ni kí a wí nípa àwọn ará Ogun Waterside? Ẹni tí ń gbé etí ọ̀sà kò lè máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣágámù kí a ṣáà lè wọn ìfúnpá rẹ̀. Àgbẹ̀ inú igbó kòkó lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó kò sàn jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yá ilé gbé ní Àgọ́-Ìwòyè, tí òbí rẹ̀ jìnnà. Níbi tí ilé ìwòsàn kékeré bá ti ń tilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù ni ti pàjáwìrì.

Ẹnìkan lè wí pé àyè kò gba ẹni tí ọkọ̀ gbá nítorí àwọn wọ̀nyí. Òtítọ́ ni pé ibùsùn kò tó. Ṣùgbọ́n ẹni tí a lé lónìí kò tíì sàn. A ó gbé e padà lọ́la, yóò sì pẹ́ lórí ibùsùn ju èyí tí ì bá pẹ́ lọ. Òfin ìlera ọdún 2014 pẹ̀lú ti kìlọ̀: ẹni tí ó bá kọ̀ láti tọ́jú aláìsàn pàjáwìrì yóò san ìtanràn ₦100,000, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọba, ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé, ohun mẹ́ta ni a ń bèèrè. Èkíní, kí ilé ìwòsàn kékeré ní nọ́ọ̀sì lóru, kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti fòníkú-fọ̀ladìde má sì ṣe tán níbẹ̀. Èkejì, òfin ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó ń dá owó aṣọ ayẹyẹ kọ́kọ́ san ti àwọn tálákà àdúgbò rẹ̀. Àwa Ìjẹ̀bú tí a mọ èsúsú dá kò ní àwáwí. Ẹ̀kẹta, kí ilé ìwòsàn kọ orúkọ àwọn tí ń padà wá sílẹ̀, kì í ṣe láti bú wọn, bí kò ṣe láti ránṣẹ́ sí wọn kí àìsàn tó gbé wọn dé.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹsẹ̀ kan náà bá ń padà wá sí ẹnu ọ̀nà wa, ẹ jẹ́ kí a bèèrè ohun tí ó ń lé e kí a tó bá a wí.