Kí Á Tó Di Ẹrù Kúrò l'Ékòó

Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ni a fẹ́ fi ṣíde lóṣù yìí, nítorí ohun tí ó ń lọ lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ wa. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ. Bí agogo ìsinmi bá ti lù, tí a bá ti jókòó ti ìyá olóúnjẹ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù lẹ́nu wa: "Èmi ò ṣe Èkó mọ́. Ìbàdàn ni mò ń lọ." Láàrin oṣù mẹ́fà, mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ti lọ. Ẹnì kẹrin ti kọ lẹ́tà pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì mú un wá kí á bá òun wò ó bóyá gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ gún. A kà á. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ gún. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi lẹ́tà náà sí àpò títí tí ìwé ìròhìn yìí yóò fi jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹni tí ó yó ni ó ń bá ẹni tí ebi ń pa sọ̀rọ̀. Ayálégbé ni àwa náà. Yàrá kan àti pálọ̀ tí a ń gbé ní apá Agége, N300,000 ni a ń san lọ́dún títí di èṣí. Lọ́dún yìí, lánlọ́ọ̀dù kan ilẹ̀kùn, ó ní N550,000 ni, ẹni tí kò bá sì lè san án kí ó wá ibòmíràn lọ. Kò kun ilé. Kò tún ilé ìyàgbẹ́ ṣe. Kànga tí a ti ń fa omi náà ni a ṣì ń fà. Òfin ayálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 kọ̀ fún onílé láti gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gba ilé. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín tí ajẹ́ńtì kò tíì béèrè owó ọdún méjì lọ́wọ́ rẹ̀ rí? Bí a bá sì dárúkọ òfin fún wọn, wọn á ní ilé ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ti ọkọ̀ kò ṣeé sọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ kò padà sí ibi tí ó wà mọ́. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin 2024 fi lélẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà ni N70,000. Ẹni tí ó ń gba iye yẹn, bí ó bá kó gbogbo rẹ̀ jọ fún oṣù méje, tí kò jẹun, tí kò wọ mọ́tò, kò tíì lè san owó yàrá àti pálọ̀ tí a wí yìí.

Nítorí náà, orí ẹni tí ó ní òun ń lọ sí Ìbàdàn kò dàrú. Ìbàdàn kì í ṣe oko. Ìlú tí yunifásítì ti wà láti 1948, tí ilé ìwòsàn ńlá UCH ti ń gba aláìsàn láti 1957, tí Ilé Kòkó ti dúró gogoro láti 1965, ta ni yóò pè é ní abúlé? Owó ilé rọjú níbẹ̀ ju ti Èkó lọ. Àyè wà, ọmọ lè sáré lẹ́yìnkùlé. Ẹni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò bá jìnnà lè sùn di aago mẹ́fà àárọ̀, nígbà tí àwa ti wà lójú títì láti aago mẹ́rin ààbọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí ó lọ ránṣẹ́ sí wa pé ẹ̀jẹ̀ ríru òun ti wálẹ̀. A bá a yọ̀ tọkàntọkàn. Oorun kì í sí nínú ìwé ìṣirò, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí i sùn ló mọ iye rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ọjọ́ Sátidé kan, àwa àti ẹni tí ó kọ lẹ́tà náà jókòó, a mú bírò àti ìwé. Ó gbà kí á tẹ ìṣirò náà jáde, kí á má ṣáà dárúkọ òun.

L'Ékòó níhìn-ín, N125,000 ni ó ń gbà lóṣù pẹ̀lú ofataìmù. Iye tí àwa ń san lórí ilé ni òun náà ń san. Bí a bá pín in sí oṣù méjìlá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó N45,800. Ọkọ̀ lójúmọ́ N1,800, fún ọjọ́ 24, N43,200. Ohun tí ó kù fún oúnjẹ, owó ilé-ìwé, iná àti oògùn ni N36,000.

N'Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ kan ní kí ó wá gba N80,000. Ilé tí ó rí jẹ́ N240,000 lọ́dún, èyí tí í ṣe N20,000 lóṣù. Ọkọ̀ N800 lójúmọ́, fún ọjọ́ 24, N19,200. Yóò ku N40,800.

Ẹ bá wa yọ ọ́ wò. Èrè rẹ̀ lóṣù jẹ́ N4,800, lọ́dún N57,600. Nínú N57,600 yìí ni yóò ti san owó ọkọ̀ akẹ́rù, owó ajẹ́ńtì, owó àgírímẹ́ńtì, àti yunifọ́ọ̀mù tuntun fún ọmọ mẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀ ń ta ẹja díndín ní àdúgbò wọn, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń ra àwìn. Bí ó bá di ẹrù lọ, ta ni yóò bá a gba gbèsè yẹn? Oṣù mélòó ni yóò sì jókòó ní ọjà tuntun kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n? Ẹ ò rí i pé èrè ọdún àkọ́kọ́ ti tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ó dùn wá jù kò sí nínú owó oṣù rárá. Ẹlẹgbẹ́ wa yìí ti lo ọdún 13 lẹ́nu iṣẹ́. Nínú àdéhùn tí ẹgbẹ́ wa bá àwọn ọ̀gá ṣe, ẹni tí ó bá pé ọdún 15 ni owó tí yóò gbà nígbà tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ń ga sókè gidi. Ọdún méjì péré ni ó kù fún un. Yàtọ̀ sí èyí, Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé ẹni tí ó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan ni nótíìsì tí wọn yóò fún un kí wọ́n tó dá a dúró. Ẹni tí ó ti ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò sì tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan ni. Bí iṣẹ́ bá sì dínkù tí wọ́n fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, òfin kan náà ní ẹni tí ó dé kẹ́yìn ni kí ó kọ́kọ́ lọ, bí ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìwà rẹ̀ kò bá yọ ọ́. L'Ékòó, àgbà ni ọkùnrin yìí. N'Ìbàdàn, òun ni àbíkẹ́yìn.

Òfin náà tún ní kí àwọn ọ̀gá sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó dín òṣìṣẹ́ kù. Níbi tí kò bá sí ẹgbẹ́, ta ni wọn yóò sọ ọ́ fún? A bi í pé ṣé ẹgbẹ́ wà níbi tí ó ń lọ. Ó ní òun kò béèrè. A bi í pé ṣé òṣìṣẹ́ gidi ni wọ́n fẹ́ fi òun ṣe tàbí ti kọ́ńtíráàtì. Ó ní orí fóònù ni wọ́n ti bá òun sọ̀rọ̀, ìwé kò tíì dé. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ orí fóònù ni a fẹ́ torí rẹ̀ da ọdún 13 nù!

Àwọn kan ní àwọn mọ ọgbọ́n kẹta: kí á máa gbé Ìbàdàn, kí á máa ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Rélùwéè tuntun tí ó ń lọ láti Ẹ́bútẹ́ Mẹ́tta sí Mọ́níyà, kìlómítà 157, tí wọ́n ṣí fún èrò ní oṣù kẹfà 2021, ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ó ń lò tó wákàtí méjì ààbọ̀ lójú ọ̀nà, Mọ́níyà sì wà ní ìpẹ̀kun ìlú. Ṣíìfù wa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀. Ẹni tí yóò bá máa ti Ìbàdàn wá lójoojúmọ́, inú ọkọ̀ ni ilé rẹ̀, kí ó má tan ara rẹ̀ jẹ.

Kí ni kí á wá ṣe? Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó kọ́kọ́ gba ìwé ìgbàsíṣẹ́ sọ́wọ́, kí ó mú un wá kí á jọ kà á. Kí ó béèrè bóyá ẹgbẹ́ wà níbẹ̀. Kí ó mọ̀ pé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún láti àpò tirẹ̀ àti ìdá mẹ́wàá láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́, yóò bá a lọ síbikíbi, ṣùgbọ́n kí ó rí i dájú pé ọ̀gá tuntun yóò máa san tirẹ̀. Kí ó sì má ṣe fi ìbínú lánlọ́ọ̀dù kọ lẹ́tà sí máníjà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ẹni tí ó fẹ́ lọ nìkan. Àwa aṣojú yín náà jẹ̀bi. Lọ́dọọdún ni a ń jà fún àfikún owó oṣù, a kì í sì í dárúkọ ilé. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ rántí owó Udoji ti 1975: bí owó ṣe ń bọ́ sí wa lọ́wọ́ ni ọjà àti owó ilé ń gun òkè. Owó oṣù tí lánlọ́ọ̀dù ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe àfikún. Nígbà tí Jakande ń ṣe gómìnà l'Ékòó, láti 1979 sí 1983, ìjọba kọ́ ilé fún mẹ̀kúnnù, àwọn ilé náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ó hàn pé ó ṣeé ṣe.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fẹ́ gbé wá sí ìpàdé ẹ̀ka tí ń bọ̀. Èkíní, kí ilé-iṣẹ́ máa yá òṣìṣẹ́ ní owó ilé ọdún kan láìsí èlé, kí wọ́n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù méjìlá. Èkejì, kí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ máa gbé wa láti Àgbádó àti Ìyànà Ìpájà. Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù. Ilé-iṣẹ́ wa ní díípò n'Ìbàdàn. Ní ìgbà méjì tí àyè ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn kọ́ńtíráàtì ni wọ́n kó wọlé. A fẹ́ kí wọ́n máa kọ́kọ́ fi àyè bẹ́ẹ̀ lọ àwa tí a wà nílẹ̀, kí ẹni tí ó bá sì lọ máa ka ọdún iṣẹ́ rẹ̀ lọ láìjá. Bí èyí bá bọ́ sí i, ẹni tí Èkó sú yóò lè lọ sinmi n'Ìbàdàn láìsọ ọdún 13 nù, ẹgbẹ́ kò sì ní pàdánù rẹ̀.

A kò ní pe ẹnikẹ́ni tí ó bá lọ ní ọ̀dàlẹ̀. Olúkúlùkù ló mọ bí ilé rẹ̀ ṣe rí. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹnikẹ́ni má dá lọ nígbà tí a lè jọ lọ bá wọn sọ ọ́. Lẹ́tà ẹlẹgbẹ́ wa ṣì wà nínú àpò rẹ̀. Ọwọ́ gbogbo wa ni ó wà bóyá yóò fà á yọ. Ẹ wá sí ìpàdé, ẹ má rán ẹnu sí wa. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́.