Ẹni Tí Máíkírà Ṣe Léṣe Lọ́nà Òtù: Ta Ni Yóò Gba Ẹjọ́ Rẹ̀ Rò?

Ẹni tó bá ti wọ Máíkírà ní Ìsẹ́yìn láti lọ sí Òtù mọ bí wọ́n ṣe ń to èrò: ènìyàn mẹ́rin lẹ́yìn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, àpò èlùbọ́ nínú búùtù tí wọ́n fi okùn so nítorí pé kò lè padé mọ́. Bí táyà bá bẹ́, tàbí tí ọkọ̀ akẹ́rù tó ru èédú bá ya bá wọn, awakọ̀ nìkan ló ṣeé ṣe kí ó de bẹ́líìtì, òun náà sì ń dè é nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni.

Lọ́dún tó kọjá, irú ìjàm̀bá bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí arábìnrin kan nínú ìjọ wa, oníṣòwò èlùbọ́. Eegun itan rẹ̀ dá. Ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, tí a kò ní dárúkọ, ní kí wọ́n mú owó ìdógò wá ná. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e dé Ìbàdàn. Ọkọ rẹ̀ ta oko kású rẹ̀. Awakọ̀ wá pẹ̀lú àwọn àgbà ẹgbẹ́ awakọ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó mú ₦20,000 dání. Gbogbo ilé ní àmúwá Ọlọ́run ni. Àwa tí a lọ kí i gbàdúrà, a fi owó díẹ̀ sílẹ̀, a sì padà sílé. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó béèrè ìwé ìbánigbófò ọkọ̀ náà, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní ínṣọ́ránsì. Àléébù tiwa nìyẹn, a sì jẹ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òfin ọdún 1945 ni ó pa á láṣẹ ní Nàìjíríà pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn lójú títì láìní ìbánigbófò fún ẹlòmíràn tí ó bá ṣe léṣe, ó sì ka èrò tó san owó ọkọ̀ mọ́ wọn. Òfin ọdún 2003 fi dúkìá tó bàjẹ́ kún un, kí ìjọba àpapọ̀ tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú òfin tuntun lọ́dún 2025. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni àjọ NAICOM ti sọ owó ìwé náà fún ọkọ̀ àdáni di ₦15,000 láti ₦5,000. Ohun tí wọ́n ń san lórí dúkìá ní òpin, mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Ti ẹni tó fara pa tàbí tó kú kò ní irú òpin bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá dé tí owó náà kì í dé Òtù? Ìwé ayédèrú wà lára ìdí rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 ni ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé náà wò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè fi fóònù rẹ̀ tẹ *565*11# láti mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ọ̀pọ̀ kábúkábú tún wà tí ìwé wọn jẹ́ ti ọkọ̀ àdáni. Bí ìjàm̀bá bá dé, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò yóò ní àwọn kò ṣe àdéhùn pé yóò gbé èrò.

Èyí tó jẹ wá lọ́kàn jù ni ti oní-mọ́tò. Púpọ̀ nínú àwọn awakọ̀ wọ̀nyí kò ni ọkọ̀. Owó ni wọ́n ń jí fún ẹlòmíràn lójoojúmọ́. Awakọ̀ tálákà ni gbogbo ènìyàn ń rí níwájú aláìsàn, àánú rẹ̀ a sì máa ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n òfin mọ ọ̀gá sí àìbìkítà ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún un, nítorí náà ó yẹ kí a béèrè ẹni tó ni ọkọ̀. Ìwé Ẹ́kísódù orí 21 pẹ̀lú sọ pé ẹni tó bá ṣe ẹlòmíràn léṣe yóò san owó àkókò tó pàdánù, yóò sì mú un lára dá. Ìdáríjì tí a fún awakọ̀ kò pa gbèsè ilé iṣẹ́ ìbánigbófò rẹ́.

Ti owó ìdógò ńkọ́? Òfin ìlera ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú ewu pàjáwìrì, ohunkóhun tí ì báà fà á. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà tó wà nínú ìjọ, ẹ rán àwọn ẹlẹgbẹ́ yín létí.

Ẹni tí kò lágbára láti gba agbẹjọ́rò ní Legal Aid Council, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976. Òfin rẹ̀ ti ọdún 2011 fi ẹjọ́ ẹni tó fara pa nínú ìjàm̀bá sí ara èyí tí wọ́n lè rò lọ́fẹ̀ẹ́, fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ, ₦70,000 láti ọdún 2024. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Ìbàdàn ni ọ́fíìsì wọn wà, ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn kò sì lè máa ti Òtù lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ tó wà ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lè jókòó sí gbọ̀ngàn ìjọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, yóò ṣe wá láǹfààní ju ọ̀pọ̀ ìkórè lọ.

Kí ẹjọ́ tó dé ọwọ́ agbẹjọ́rò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sí 122, ẹ ya nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ fi ọ̀ràn náà sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì, ti bọnsẹ́ẹ̀tà pẹ̀lú. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan pé ọ̀rọ̀ ti parí nítorí ₦20,000. Bí ọkọ̀ ìjọba ni, ẹ yára, nítorí oṣù mẹ́ta péré ni òfin sábà máa ń fún ẹni tó bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́.

Arábìnrin wa ti ń rìn díẹ̀díẹ̀. Agbẹjọ́rò kan ti gba ọ̀ràn rẹ̀, a sì ti rí i pé ìwé ọkọ̀ náà kì í ṣe ayédèrú. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ti fèsì: ìwé ìwádìí ọlọ́pàá ni wọ́n ń béèrè. Ọkọ rẹ̀ àti akọ̀wé ìjọ yóò lọ gbà á lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.