Ẹlẹ́dẹ̀ ni ti ọ̀gá, ìgbẹ́ ni ti àgbẹ̀, òórùn ni ti aládùúgbò!

Nígbà tí Elsie Herring kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní New York lọ́dún 1993, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun ń lọ sílé lọ tọ́jú ìyá òun tó ti dàgbà. Ilé ọ̀hún wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Duplin, ìpínlẹ̀ North Carolina, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lórí ilẹ̀ tí bàbá ìyá rẹ̀ fowó ara rẹ̀ rà. Inú ẹrú ni wọ́n bí bàbá náà sí o. Ẹni tí wọ́n bí sínú ẹrú, tó wá dẹni tó nílẹ̀ tiẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ iyì irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ọmọ àti ọmọ-ọmọ.

Kò pẹ́ tó dé ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta sára ilé wọn bí òjò wínníwínní. Kì í ṣe òjò. Omi ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fín sóko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, atẹ́gùn sì ń gbé e wọlé onílé. Òórùn yẹn, ẹ má wulẹ̀ dá a sílẹ̀! Fèrèsé ò ṣeé ṣí, aṣọ ò ṣeé sá síta, àlejò tó bá wá kì í pẹ́ tó fi ń wá ọ̀nà àtilọ. Obìnrin náà pe ìjọba títí, ó kọ lẹ́tà títí, kò rẹ́ni dá a lóhùn dáadáa.

Bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe ń lọ nìyí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń kó pọ̀ sínú ilé gígùn kan, orí ilẹ̀ tó ní àlàfo ni wọ́n sì ń dúró lé. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ wọn á máa já sísàlẹ̀, wọ́n á fi omi ṣàn án lọ sínú adágún ńlá tí wọ́n gbẹ́ síta, tí kò ní ìdérí. Bí adágún bá fẹ́ kún, wọ́n á fa omi rẹ̀, wọ́n á fín in sórí koríko àti ohun ọ̀gbìn bí ajílẹ̀. Duplin nìkan ní ẹlẹ́dẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 2, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ibẹ̀ kò pé 50,000 nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 2020. Ẹ wá fojú inú wo ìgbẹ́!

Àdéhùn tó wà láàárín iléeṣẹ́ àti àgbẹ̀ ló tún yani lẹ́nu jù. Iléeṣẹ́ ńlá ló ni ẹlẹ́dẹ̀, òun ló ń gbé oúnjẹ wọn wá, òun ló ń kó wọn lọ pa. Àgbẹ̀ ló ni ilé, òun ló jẹ gbèsè báńkì tó fi kọ́ ọ, òun náà ló sì ni ìgbẹ́. Ẹran tó ń mówó wá jẹ́ ti ọ̀gá, èyí tó ń rùn jẹ́ ti ọmọ iṣẹ́. Ọgbọ́n wà lórí ẹni tó kọ àdéhùn yẹn o.

Ta ló wá yẹ kó sọ ibi tí ilé ẹlẹ́dẹ̀ máa wà? Ìjọba ìbílẹ̀ ni. Àmọ́ ìtàn wà níbẹ̀. Wendell Murphy, olówó ẹlẹ́dẹ̀ ọmọ Rose Hill ní Duplin yìí kan náà, wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà láti 1983 sí 1992, ó sì di sẹ́nétọ̀. Lásìkò tó wà níbẹ̀ ni òfin jáde tó yọ owó-orí kúrò lórí ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀ àti ilé adìẹ. Òfin míì tún jáde tí kò jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ lè fi agbára ìpín-ilẹ̀ wọn dí ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́. Ìwé ìròyìn News & Observer ti ìlú Raleigh tú gbogbo rẹ̀ síta lọ́dún 1995, ó sì gba ẹ̀bùn Pulitzer lé e lórí ní 1996. Kóòtù kankan ò dá Murphy lẹ́bi. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ dá a lẹ́bi? Òfin ni gbogbo rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1995 kan náà lọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Adágún ìgbẹ́ oko kan ní Onslow ya, gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 25 sì ya wọ odò New River. Epo tí ọkọ̀ Exxon Valdez dà sókun ní Alaska lọ́dún 1989, tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀, kò tó ìdajì èyí. Òkú ẹja kún ojú omi bámúbámú.

Ìgbà yẹn làwọn aṣòfin jí. Òfin 1995 ní ilé ẹlẹ́dẹ̀ àti adágún rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé táwọn èèyàn ń gbé tó 1,500 ẹsẹ̀ bàtà, kó sì jìnnà sí ilé ìwé, ọsibítù àti ṣọ́ọ̀ṣì tó 2,500 ẹsẹ̀ bàtà. Ní 1997, wọ́n fòfin de gbígbẹ́ adágún ìgbẹ́ tuntun, wọ́n sì dá agbára padà fún ìjọba ìbílẹ̀ lórí àwọn oko ńláńlá. Ní 2007, wọ́n sọ òfin àdágún yẹn di ti títí láé.

Òfin tó dáa ni, àbí? Àmọ́ ẹ tún un kà. Tuntun ni wọ́n dè. Èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ó wà níbẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn tí ẹlẹ́dẹ̀ ti wọlé tán. Ìyá Elsie Herring ò rí 1,500 ẹsẹ̀ bàtà kankan gbà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2000, iléeṣẹ́ Smithfield, tó ra oko Murphy, fọwọ́ síwèé pẹ̀lú ìjọba pé àwọn máa náwó wá ọ̀nà míì tí ìgbẹ́ ò fi ní máa rùn. Nígbà tó di 2006, èsì tó jáde ni pé owó rẹ̀ ti pọ̀ jù fún àwọn oko tó ti wà.

Ni àwọn aládùúgbò bá gba kóòtù lọ. Wọ́n tó 500, èèyàn dúdú ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Smithfield, tó ti di ti àwọn ará Ṣáínà láti 2013, ni wọ́n pè lẹ́jọ́, wọn ò pe àgbẹ̀. Lọ́yà iléeṣẹ́ ní àwọn àgbẹ̀ ń tẹ̀lé òfin. Àwọn júrì ò gbà. Ní oṣù kẹrin 2018, wọ́n ní kí èèyàn 10 ní Bladen gba ju mílíọ̀nù 50 dọ́là lọ. Inú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ni wọ́n gbọ́ pé òfin ìpínlẹ̀ ti fi gbèdéke sí irú owó bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá gé e sí mílíọ̀nù 3.25. Ní oṣù kẹjọ, júrì míì fún èèyàn 6 ní mílíọ̀nù 473.5 dọ́là. Wọ́n tún gé e, ó ku bíi mílíọ̀nù 94.

Kò tíì tán o. Láàárín oṣù méjèèjì yẹn, ní oṣù kẹfà, ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbé òfin míì jáde. Ẹni tó bá fẹ́ pe oko lẹ́jọ́ nítorí òórùn gbọ́dọ̀ máa gbé láàárín ìdajì máìlì sí i, ó sì gbọ́dọ̀ pè é kí oko náà tó pé ọdún kan. Gómìnà Roy Cooper kọ̀ ọ́, wọ́n borí gómìnà. Bẹ́ẹ̀, àwọn oko tó ń rùn ti lé lógún ọdún níbẹ̀, èwo wá ni ti ọdún kan? Ní oṣù kọkànlá 2020, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní ẹ̀bi jẹ́ ti iléeṣẹ́, àmọ́ kí wọ́n tún owó ìjẹníyà gbé yẹ̀ wò. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni iléeṣẹ́ ní àwọn ti bá àwọn aládùúgbò parí ọ̀rọ̀. Iye tí wọ́n san, wọn ò jẹ́ kí aráyé gbọ́.

Elsie Herring kú ní 2021. Ní báyìí, wọ́n ti ń fi tapólì da orí àwọn adágún kan, wọ́n ń gba gáàsì inú rẹ̀ tà. Omi tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀, oko ni wọ́n ṣì ń fín in sí.