Ìwé Ẹ̀rí Kò Tó: Ta Ló Wọ Jẹ́sì Náà Gan-an?

Bí ẹnì kan bá kàn sí ẹ lórí WhatsApp pé jẹ́sì tí Rashidi Yekini wọ̀ lọ́jọ́ tó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ ní Ife Àgbáyé, ní 1994, wà lọ́wọ́ òun, tó sì fi ìwé ẹ̀rí olóǹtẹ̀ tì í, má tíì sanwó o. Ta ló buwọ́ lu ìwé yẹn? Bó bá jẹ́ ẹni tó ń tajà náà ni, ta ló máa pe ọjà ara rẹ̀ ní ayédèrú?

Ní 2022, Sotheby's ta jẹ́sì tí Maradona wọ̀ nígbà tó fọwọ́ gbá góòlù sáwọ̀n England ní 1986. Owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 7 pọ́n-ùn. Síbẹ̀, ọmọbìnrin Maradona ní ti ìlàjì àkọ́kọ́ ni, kì í ṣe èyí tí bàbá òun fi gbá góòlù. Ẹ̀rí méjì ló dá a lóhùn: Steve Hodge, tó fi jẹ́sì tirẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Maradona lọ́jọ́ náà, àti fọ́tò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n fi wé àmì ara jẹ́sì.

Àwa ará Òkè-Ògùn mọ èyí. Ní Ìsẹ́yìn, ẹni tó mọ aṣọ òfì kì í wo páálí ọjà. Ojú aṣọ ló ń yẹ̀ wò, á sì béèrè ẹni tó hun ún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ẹ ya fọ́tò jẹ́sì yín lẹ́yìn ìdíje, ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó wọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ orí pápá yín lè di Yekini lọ́la. Bí ẹ kò bá kọ ìtàn rẹ̀, gbájúẹ̀ á bá yín kọ ọ́.