Macro àti assembly: ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí a ó ti dúró

Nínú wa, àwọn kan ń wọkọ̀ ní Ojú-Ore láràárọ̀ lọ ṣe SIWES ní iléeṣẹ́ Sango-Ọ̀tà. Inú pátákó tó ń darí ẹ̀rọ níbẹ̀ ni èdè C ti ń bá assembly pàdé. Ohun tí a ní í sọ kò ju ọ̀kan lọ: kì í ṣe gbogbo assembly ló yẹ ká fi macro kọ.

Macro wúlò, a ò jiyàn. Ẹni tó bá ti kọ sei() tàbí cli() rí lórí AVR ti lò ó: macro tó gbé ìlànà assembly kan ṣoṣo ni wọ́n, ọ̀kan ń ṣí ọ̀nà fún interrupt, èkejì ń dí i. Nínú Linux fún ARM, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kọ ATOMIC_OP, òun ló sì bí arch_atomic_add àti arch_atomic_sub. Ẹni tó ní mọ́ọ̀dù kì í fọwọ́ mọ búlọ́ọ̀kù. Fọ́ńṣọ̀n kò lè gba orúkọ ìlànà sínú assembly. Àmì # inú macro ló lè sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n orí ìlà kan ni gbogbo macro ń já sí. Gbàgbé \n, ìlànà méjì á lẹ̀ mọ́ra. Fo "memory" nínú cli() tí o fọwọ́ ara rẹ kọ, compiler lè sún kíkà mẹ́mórì kọjá ibẹ̀ láìwí nǹkan kan. Ẹ̀rọ tó ń ka ìgò á wá máa ṣì í kà.

Àwọn kan ní macro yára ju fọ́ńṣọ̀n lọ. Rárá o. Pẹ̀lú -O2, static inline sábà máa ń bọ́ sí kóòdù kan náà, ó sì tún ń yẹ irú dátà wò. Tí orúkọ ìlànà bá ń yí padà, ẹ lo macro. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lo static inline. Kí ẹ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ fi gcc -E wo ohun tí macro bí. Igi gànràngànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Oṣù mẹ́fà ni SIWES wa, ẹ̀rọ náà kò ní bá wa lọ. Ẹni tó dúró tì í lálẹ́ ni àṣìṣe wa máa bá.