Irú Iná Kérésì Wo Ni Mí?

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ojú títì Ojúẹlẹ́gbà a máa yí padà. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ta omi inú ọ̀rá láàárín sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ a gbé omi sílẹ̀, wọn a fi okùn iná Kérésì kọ́ ọrùn bí ẹni fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣọdún. Ní Tẹ́júoṣó ní Yábà, ẹ óò rí àwọn olùtajà tí wọ́n ń tàn án wò lójú oníbàárà: pupa, àwọ̀ ewé, funfun, èyí tó ń ṣẹ́jú, èyí tó ń sáré bí ejò. Láàárín àwa ọ̀dọ́, ìbéèrè kan a sì máa jáde lásìkò yìí: bí o bá jẹ́ iná Kérésì, irú èwo ni ìwọ ìbá jẹ́? Àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dáhùn. Ẹni tó fẹ́ràn òde a ní òun ni aláwọ̀ mèje. Ẹni jẹ́jẹ́ a ní òun ni funfun. Èmi kò gbà pé àwọ̀ ni a fi ń mọ iná. Bí wọ́n ṣe so ó mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí á wò.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni síso pọ̀ ti wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1882, Edward Johnson, tó bá Thomas Edison ṣiṣẹ́, fi gílóòbù 80 ṣe igi Kérésì ilé rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ ní New York. Pupa, funfun àti búlúù ni wọ́n, ọwọ́ ni wọ́n sì fi so wọ́n mọ́ wáyà. Ṣáájú ìgbà náà, àbẹ́là ni àwọn ènìyàn ń tàn sára igi. Àbẹ́là kò mọ ẹnìkejì rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, ìyókù kò ní gbọ́. Ti gílóòbù kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú èyí tó ń ṣẹ́jú ná. Nínú okùn àtijọ́, gílóòbù kan ṣoṣo, tí wọ́n sábà máa ń kun orí rẹ̀ ní pupa, ni ó ń darí ìyókù. Irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀, oríṣi irin méjì tí a lẹ̀ pọ̀. Bí ó bá gbóná, irin náà a tẹ̀, iná a gé fún gbogbo okùn. Bí ó bá tutù, a padà sípò, gbogbo wọn a tún tàn. Mo mọ ilé kan ní Lawanson tí bàbá ibẹ̀ jẹ́ gílóòbù olórí-pupa yìí gan-an. Bí inú rẹ̀ bá gbóná, ẹ̀rín a kú, tẹlifíṣọ̀n a kú, àwọn ọmọ a wọ yàrá lọ. Bí ó bá tutù, gbogbo ilé a mọ́lẹ̀. Àlejò tó bá bọ́ sí àsìkò tí iná tàn a ní ilé aláyọ̀ ni.

Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pe ara wọn ní iná sólà lóde òní, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, tí owó iná àwọn tó wà ní ìpele A ti fò láti bí ₦68 sí ₦225 fún yúníìtì kan, ta ni kò fẹ́ dá dúró? Iná sólà kò dúró de ìgbà tí àwọn ọmọdé yóò kígbe “Up NEPA!” Ó ń gba agbára tirẹ̀ lójú oòrùn, ó ń tàn ní tirẹ̀ lálẹ́. Ìwà dáadáa ni. Ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá yìí náà ni ọyẹ́ máa ń gbé eruku dé láti ìhà aṣálẹ̀. Eruku a bò ó lójú, ilẹ̀ kò sì ní tíì ṣú tán tí àárẹ̀ yóò fi mú iná náà. Ẹlòmíràn ni yóò gun òkè lọ fi aṣọ nù ún. Kò lè nu ojú ara rẹ̀.

Ní tèmi, gílóòbù kékeré ni mí nínú okùn tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú irú okùn yìí, iná kan náà ni ó ń gba inú gbogbo wọn kọjá, wọ́n sì ń pín agbára rẹ̀ láàárín ara wọn. Bí gílóòbù bá jẹ́ 20, tí iná ilé sì jẹ́ fóòtì 240, fóòtì 12 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé. Láyé àtijọ́, bí ẹyọ kan bá jó, ọ̀nà dí nìyẹn, gbogbo okùn a ṣú. Tọmọdé tàgbà a dìde, wọn a máa yọ gílóòbù wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi rí èyí tó kú. Ìyọnu gbáà ni. Àwọn tó ń ṣe é wá dá ọgbọ́n: wọ́n fi wáyà tín-ín-rín kan sínú gílóòbù kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé bí ó bá jó, iná a gba ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn kọjá, ìyókù a sì máa tàn lọ.

Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: fóòtì 240 kò dín. Bí 5 bá kú nínú 20, àwọn 15 tó kù ni yóò pín in, fóòtì 16 ni yóò sì kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn a mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ń wò láti ìta a ní, “Iná yìí mà dára o!” Bẹ́ẹ̀, jíjó ni wọ́n ń jó tán lọ.

Àwa márùn-ún ni ìyá wa, tó ń ta ata ní ọjà Ojúwòyè ní Mushin, bí. Èmi ni àkọ́bí. Àbíkẹ́yìn wa ṣì wà ní Yunifásítì Èkó ní Akọka. Àwa mẹ́rin tó kù ń dá ₦200,000 jọ lóṣooṣù fún owó ilé, oúnjẹ, oògùn Màmá àti ìnáwó ọmọ ilé-ìwé yẹn. ₦50,000 ló ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú oṣù Kejì ọdún yìí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àbúrò mi ọkùnrin. Ó di bí ₦67,000 fún àwa mẹ́ta. Nínú oṣù Kẹsàn-án, àbúrò mi obìnrin bímọ, iṣẹ́ aránṣọ rẹ̀ sì dúró. Ó di ₦100,000 fún àwa méjì. Owó kò fi ọjọ́ kan pẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ Màmá. Kódà, àwọn ará ọjà ń kí i kú oríire ọmọ. Kò mọ̀ pé gílóòbù méjì ti jó.

A máa ń sọ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, àkọ́bí ni wọ́n sì sábà máa ń pa òwe náà fún. Ọwọ́ tí ìka méjì ti kúrò lára rẹ̀ ńkọ́? Kì í sì í ṣe èmi tí mo ń gbé ẹrù ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Àbúrò mi ọkùnrin ṣì wà lójú okùn bí gílóòbù tó jó, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ohun gbogbo ń gbà kọjá. Kò sí ẹni tó ń bi í léèrè ohunkóhun mọ́. Nígbà tí ó yá, kò wá sílé lọ́jọ́ Àìkú mọ́. Mo ní kí á sọ fún Màmá. Àwọn yòókù ní ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ńkọ́? Mo bọ̀wọ̀ fún ìbẹ̀rù wọn, síbẹ̀ okùn àtijọ́ tó ń ṣú pátápátá wù mí ju èyí lọ, nítorí bí ó bá ṣú, gbogbo ilé ni yóò jọ wá ojútùú.

Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù yìí, a sọ fún un, gbogbo wa lórí ìjókòó. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní kí àbíkẹ́yìn bá òun mú ìwé àti bírò wá. Ó yọ owó aṣọ ẹbí méjì kúrò. Ó ní jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́ mọ́. Ó ní èrè ata yóò máa ra oògùn òun. Nígbà tí yóò fi gbé bírò sílẹ̀, ₦200,000 ti di ₦130,000. Ó wá kọjú sí àbúrò mi.

“Ṣé nítorí èyí ni o kò fi wá jẹun nílé láti oṣù Kẹfà?”

Kò lè dáhùn. Màmá ní kí ó dé ìsọ̀ òun ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó wá bá òun gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò. Ó lọ. Ibẹ̀ ni ó ṣì ń lọ láràárọ̀ títí di àkókò tí mo ń kọ èyí.