Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ kàwé, ẹ padà sí kóòtù nítorí ọmọ

Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń sún mọ́, àwọn èèyàn wa tó ń lọ gba oyè kejì ní Ìlú Ọba máa ń di ẹrù. Lára wọn ni àwọn tó ti kọ ọkọ tàbí aya sílẹ̀, tí kóòtù sì ti sọ ẹni tí ọmọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí òbí kejì yóò máa rí i àti iye tí yóò máa san lóṣù. Àwọn kan á tọ́jú físà, wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wọn kò ní yẹ ìwé ìdájọ́ yẹn wò.

Pé èèyàn rí físà gbà kò sọ àṣẹ kóòtù di òfo. Bí bàbá bá wà ní Manchester, tí ìwé náà sì ní kó máa rí ọmọ ní gbogbo Sátidé ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ṣì wí. Ẹni tó bá dá owó oṣooṣù dúró fúnra rẹ̀, gbèsè ló ń kó jọ.

Òfin tó ń rí sí ìkọ̀sílẹ̀ ní Nàìjíríà fún ilé ẹjọ́ gíga lágbára láti yí àṣẹ rẹ̀ lórí ọmọ padà. Àwọn tó ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ lè padà sí kóòtù ìbílẹ̀ tó tú wọn ká. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sì sọ pé ire ọmọ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, àti pé ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú níwọ̀n bí agbára òbí rẹ̀ bá ṣe mọ.

Orí "agbára" yìí ni ìjà máa ń wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè kejì níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá ń lọ lọ́wọ́, owó ilé sì ń dúró dè é. Kí ẹni tó wà nílé má ṣe rò pé ó ti di olówó pọ́n-ùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi owó oúnjẹ àti ilé gbígbé sí báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko kí wọ́n tó fún un ní físà, kò lè wá sọ fún adájọ́ pé òun kò ní nǹkan kan. Ìgbà tó ń to owó yẹn jọ ló yẹ kó ti yọ ti ọmọ sọ́tọ̀. Bí kóòtù bá máa dín owó náà kù, kó sọ iye oṣù tí yóò fi rí bẹ́ẹ̀.

Ó tún le jù bí ẹni tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ bá ló ń lọ. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè kejì ní Ìlú Ọba kò lè mú ọmọ dání mọ́, àyàfi àwọn tó ń ṣe ìwádìí. Ni ìyá á bá gbé ọmọ fún ìyá tirẹ̀ ní Ìlọrin, bàbá tó wà ní Èkó á sì gbọ́ lẹ́nu èèyàn. A kò bá ìyá àgbà jà, àwọn ló tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Àmọ́ bàbá ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi bóyá ó lè gba ọmọ rẹ̀. Bí kò bá yẹ fún un, adájọ́ ni kó sọ bẹ́ẹ̀.

Sátidé tó bọ́ lè di ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn àti ìpè fídíò tó ní ọjọ́ àti wákàtí. Kí ẹnikẹ́ni má fi aago ṣe àwáwí: láti ìparí oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹwàá, aago Èkó àti ti London kò yàtọ̀, wákàtí kan péré ló sì fi yàtọ̀ nígbà òtútù. Kí ẹni tó wà nílé má sì pa fóònù nítorí pé owó pẹ́ kó tó dé. Ọmọ kọ́ ló jẹ gbèsè.

Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ tí àṣẹ tuntun náà yóò parí wà nínú rẹ̀. Ọdún kan ni oyè kejì sábà máa ń gbà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń dúró ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ tó jẹ́ ọdún mẹ́rin nígbà tí òbí rẹ̀ ń lọ á sì ti pé méje kí wọ́n tó tún ríra.